Sẹ́nétọ̀ Abíọ́dún Olújìmí: kí ni ọ̀rọ̀ tó sọ nílé aṣòfin àgbà já mọ́ fún wa?

Ọmọ_Ọ̀múò
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣojú wa ní Àbújá bá ṣẹ́ yọ, tí wọ́n bá ti dárúkọ Sẹ́nétọ̀ Abíọ́dún Olújìmí, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́: kí ló gbé wálé? Kànga ẹ̀rọ mélòó, ìrẹsì mélòó, ẹ̀rọ ìránṣọ mélòó? N kò tíì rí ẹni tó bèèrè ohun tó sọ nígbà tó dìde láàárín àwọn ọkùnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí ọ̀rọ̀ sísọ àti òfin ṣíṣe la ṣe dìbò fún un.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa: ọmọ Ọ̀múò-Èkìtì ni. Ó wọ ilé aṣojú-ṣòfin ní 2003. Ní 2005 ó di igbákejì gómìnà fún Ayọ̀ Fáyóṣé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sí àga yẹn ní ìpínlẹ̀ wa. Oṣù kẹwàá 2006, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yọ òun àti ọ̀gá rẹ̀ nípò pọ̀. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi kéde ìjọba pàjáwìrì ní Èkìtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó parí fún obìnrin náà nìyẹn. Ní 2015 ó padà wá, ó wọlé sí ilé aṣòfin àgbà fún Èkìtì Gúúsù. Nígbà tí Akpabio fi PDP sílẹ̀ lọ sí APC ní 2018, òun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn ọmọ ilé tí ẹgbẹ́ wọn kéré.

Èmi ò sọ pé kò ní àléébù. Ohun tí mò ń sọ ni pé obìnrin yìí gbé àbádòfin kan náà wá sílé yẹn léraléra, ìyẹn àbádòfin ẹ̀tọ́ ọgbọọgba fún takọ-tabo. Wọ́n dà á nù, ó tún un kọ. Wọ́n fa á títí sáà fi parí, ó tún gbé e padà. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni láti ẹkùn wa tíì ṣe ní Àbújá nìyẹn. Kí lẹ̀yin rí sí i?

Adélajà_Adó
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Àbádòfin náà ò di òfin. Látòní lọ sí ọ̀la, kò sí adájọ́ kan tó lè ṣí i kà fún ẹnikẹ́ni nílé ẹjọ́. Ẹni tó lo nǹkan bí ọdún méje nílé aṣòfin àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù kò sì yọrí, báwo la ṣe fẹ́ kà á sí àṣeyọrí? Ọ̀nà tó lọ láti Ìkẹ́rẹ́ sí Àdó wà níbẹ̀, ẹni tó bá gbà á ní ìgbà òjò mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tó dìbò ń jẹ̀yà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò dí kòtò.

Lọ́yà_Mọ́lẹ́tẹ́
Adélajà, ọ̀nà yẹn ń dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ohun tó wà nínú ìwé tí obìnrin yẹn gbé kalẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bú u ò kà á, kódà mo fura pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kígbe "bẹ́ẹ̀ kọ́" nílé náà ò kà á dé ìparí.

Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, iṣẹ́, àti ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ àti dúkìá. Ibi tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ta kò ó jù ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún àti opó. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe fún opó ni pé kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ ẹ́ torí ọkọ rẹ̀ kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó fẹ́ ẹni tó bá wù ú bó bá fẹ́ tún lọ́kọ, kí ó ní ìpín nínú ohun tí ọkọ fi sílẹ̀, kí wọ́n má sì lé e jáde nínú ilé tí òun àti ọkọ jọ ń gbé. Ẹ tún un kà. Èwo ló burú níbẹ̀?

Kì í sì í ṣe pé obìnrin náà jókòó ronú rẹ̀ jáde. Láti 1985 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó ní kí wọ́n fòpin sí ìrẹ́jẹ obìnrin. Ní 2004 a tún fọwọ́ sí ti ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Maputo. Ṣùgbọ́n abala 12 nínú ìwé òfin wa ní àdéhùn tí a bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára níhìn-ín àfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Àlàfo yẹn ni Olújìmí ń gbìyànjú láti dí. Ìjọba ti ṣèlérí lójú gbogbo ayé, òun ní kí wọ́n mú un ṣẹ nílé.

Ohun tó dùn mí jù ní March 15, 2016, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dà á nù, ni ibi tí wọ́n ti pa á. Kíkà àkọ́kọ́, orúkọ àbádòfin ni wọ́n kàn ń pè. Kíkà kejì ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹ̀. Ẹ̀yìn kíkà kejì ni ó ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, tí wọn á pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Kíkà kejì yẹn gan-an ni wọ́n ti dà á nù. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kò sí opó kan tó ráyè wá jókòó síwájú wọn láti wí tiẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkẹ́rẹ́
Lọ́yà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi, torí bí ẹ̀yin ọkùnrin ṣe ń sọ ọ́, ó dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé.

Àbúrò ìyá mi ń ta èlùbọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ra kòkó. Ilé tí wọ́n kọ́, àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ ọ. Owó èlùbọ́ ni wọ́n fi ra páànù tó wà lórí ilé náà, mo mọ̀, torí èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onípáànù lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí ka owó náà sórí tábìlì láti inú àpò tí wọ́n so mọ́dìí. Ọkùnrin tó ń tajà mú bíìrò, ó ní, "Màmá, kí lorúkọ ọkọ yín?" Orúkọ ọkọ ló kọ sórí rìsíìtì. Àǹtí ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Inú agolo Milo ni wọ́n ń kó àwọn rìsíìtì náà sí, síméńtì, ìrìn, páànù, gbogbo ẹ̀ pátá lórúkọ bàbá.

Nígbà tí ọkọ kú, wọn ò tíì tú kánópì ìrántí ogójì ọjọ́ tí àwọn ẹbí fi wọlé. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ìwé ilẹ̀. Wọ́n ní kí Àǹtí àti àwọn ọmọ máa lo yàrá ẹ̀yìn méjì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kan tiẹ̀ ní òun á ṣú wọn lópó, wọ́n kọ̀, ló bá di ìjà. Àǹtí gbé agolo Milo wọn jáde. Ẹni tó gbà á yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Orúkọ ta ló wà níbí yìí?"

Adélajà, ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò dí kòtò. Ní ọdún tí wọ́n lé Àǹtí sí yàrá ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ tó yà síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó dìde ní Àbújá tó ní kí wọ́n má lé opó jáde nílé ọkọ rẹ̀, obìnrin yẹn ni. Èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Àlàbí_Ìlọrin
Aunty Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tu Àǹtí nínú. Ohun tí wọ́n fojú wọn rí kò dáa rárá.

Mo fẹ́ sọ ti àwa Mùsùlùmí níbẹ̀, torí wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé ìkórìíra obìnrin ló mú àwọn sẹ́nétọ̀ Òkè Ọya ta kò ó. Ọ̀rọ̀ ogún wà nínú Kùránì, a kì í fi ọgbọ́n orí pín in. Tí ọkọ bá kú tó sì ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó. Bí kò bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wá fi wé àṣà Yorùbá tí ìyàwó ò ti ní nǹkan kan nínú ogún ọkọ rẹ̀. Nínú àwa àti ẹ̀yin, ta ló ṣe dáadáa sí opó?

Àmọ́ ìpín ọmọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin lọ́dọ̀ wa. Bí òfin ìjọba bá wá ní kó dọ́gba, ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run á ní ìṣòro. Ohun tí Sẹ́nétọ̀ Yusuf Yusuf ti Tàrábà sọ ní December 2021 nìyẹn nígbà tí Olújìmí tún gbé e dé: ó ní òun ò kọ ìdájọ́ òdodo, ọ̀rọ̀ ọgbọọgba tó wà nínú àkọlé ni òun ò lè fara mọ́. Mo rò pé ká ní ó yọ ọ̀rọ̀ ogún kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀sìn kálukú ṣe tiẹ̀, ì bá ti di òfin báyìí.

Lọ́yà_Mọ́lẹ́tẹ́
Àlàbí, ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, inú mi dùn pé o sọ ọ́ báyìí. Òótọ́ ni ti ìdá mẹ́jọ, mo sì gbà pé opó Mùsùlùmí tí wọ́n bá pín ogún fún bí Kùránì ṣe wí sàn ju Àǹtí yẹn lọ. Ìṣòro ni pé ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá kì í pín in bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ bá ti kú, àṣà ìdílé ni wọ́n ń sáré gbá mú.

Àṣà wa náà kò rí bákan náà láti ìlú dé ìlú. Àwọn kan ń pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ni iye ìyàwó, àwọn kan ń pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ni iye ọmọ. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmólé, tó dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, orí èyí ni wọ́n jà lé: ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ṣé iye ìyàwó ni wọ́n máa fi pín in ni àbí iye ọmọ? Wọ́n fàṣẹ sí ìdí-igi. Ẹ kíyè sí i: àwọn ìyàwó ni wọ́n fi ka ìdí tí wọ́n pín in sí, síbẹ̀ kò sí ìpín fún ìyàwó fúnra rẹ̀. Ọmọ ló ni ín. Ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a dúpẹ́ fún ìyẹn, àmọ́ ìyàwó tí kò bímọ, ọwọ́ òfo ni.

O ní kó yọ ti ogún kúrò. Ó ti gbà láti tún un ṣe o. Kí 2016 tó parí, ó ti tún ìwé náà kọ, èyí tó tún kọ sì kọjá kíkà kejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n jókòó lé e títí ilé yẹn fi túká ní June 2019, àbádòfin tí kò bá sì di òfin kí sáà tó parí ti kú nìyẹn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ẹni tó ti fara mọ́ àtúnṣe báyìí, èmi ò lè pè é ní olórí kunkun.

Ọlámidé_Yábàá
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ bèèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dà á nù ní 2016, èèyàn mélòó ló fara mọ́ ọn, mélòó ló kọ̀? Mo wá orúkọ wọn títí, n kò rí i.

Ọmọ_Ọ̀múò
Ọlámidé, o kò lè rí i. Ìbò ohùn ni wọ́n dì. Olórí ilé á ní, "Àwọn tó fara mọ́ ọn?" Wọ́n á dáhùn. "Àwọn tó kọ̀?" Àwọn yẹn á dáhùn. Èyí tó bá ròkè létí rẹ̀ ló máa fi òòlù lù. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀. Sẹ́nétọ̀ lè dá ọ̀rọ̀ opó nù láàárọ̀, kó wá síbi ìsìnkú ní ìlú rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kó fún opó ní àpòòwé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ìdí tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nílé sí nìyẹn. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé. A mọ̀ pé Yerima ti Zamfara dìde lọ́jọ́ yẹn, a mọ ohun tí ó wí, ó ní ó tako òfin ẹ̀sìn òun. Mo bọ̀wọ̀ fún un pé ó sọ ọ́ sójútáyé. Àwọn tó dákẹ́, tí wọ́n wá kígbe "bẹ́ẹ̀ kọ́" nígbà tó yá, àwọn wo ni? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn kan láti ìpínlẹ̀ tìrẹ àti tèmi.

Ohun kan tún wà. Abala 55 nínú ìwé òfin gbà kí wọ́n máa fi Yorùbá, Haúsá àti Ígbò sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin bí ètò rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀. Ètò náà ò dé títí di òní. Ọ̀rọ̀ tó kan Àǹtí ẹlẹ́lùbọ́, èdè tí kò gbọ́ ni wọ́n fi jà á.

Bàbá_Tíṣà
Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ojú tèmi ti rí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi kún un.

Olóyè Wúràọlá Ẹ̀ṣan ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó nílé aṣòfin àpapọ̀ Nàìjíríà. Yíyàn ni wọ́n yàn án ní 1960 láti Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí wọn kì í dìbò sí ilé aṣòfin àgbà nígbà náà. Tíṣà ni, òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ Ibadan People's Girls' Grammar School sílẹ̀ ní Mọ́lẹ́tẹ́ ní 1944, nígbà tí ọ̀pọ̀ bàbá ń sọ pé ìwé ò yẹ obìnrin. Ó padà di Ìyálóde Ìbàdàn. Obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò fún sí ilé aṣòfin àgbà ni Franca Afegbua láti Bendel, ní 1983. Oṣù mẹ́ta péré ló lò, àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún náà.

Ẹ wá wo 2015. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni Èkìtì ní, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin: Olújìmí ní Gúúsù, Fatimat Raji-Rasaki ní Àárín Gbùngbùn. Monsurat Sunmonu wá láti Ọ̀yọ́, ẹni tó ti ṣe olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Olúrẹ̀mí Tinúbú wá láti Èkó. Obìnrin mẹ́rin láti ilẹ̀ Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà! Lónìí, Adébulé láti Ìwọ̀-Oòrùn Èkó nìkan ló kù nínú àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa. Nínú sẹ́nétọ̀ 109, obìnrin mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè.

Èkìtì yìí kan náà ti ní obìnrin mẹ́rin tó ṣe igbákejì gómìnà, Olújìmí, Fúnmi Ọláyínká, Modúpẹ́ Adélabù, àti Mónisádé Afúyẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí. Gómìnà obìnrin, òdo. Àwa ọkùnrin fẹ́ràn kí obìnrin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kó jókòó sí àga fúnra rẹ̀ ni kò rọrùn fún wa. Mo ti dàgbà tó láti sọ ọ́.

Adélajà_Adó
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Aunty Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ agolo Milo yẹn wọ̀ mí lára, n kò ní purọ́. Mo ṣì fẹ́ ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi tó kù ni èyí: bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn èèyàn Èkìtì Gúúsù fi dá a dúró sílé ní 2023? Àwọn ló mọ̀ ọ́n jù.

Ọmọ_Ọ̀múò
Ìbéèrè tó tọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 2019. INEC kéde pé Dayọ̀ Adéyẹyè ti APC ló wọlé. Ó ti jókòó, kódà òun ló ń gbẹnu sọ fún ilé aṣòfin àgbà. Olújìmí gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní September tìrìbúnà dá a láre, ní November ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ìbò aṣòfin kì í sì í kọjá ibẹ̀. Ó búra wọlé lẹ́yìn tí nǹkan bí oṣù márùn-ún ti lọ nínú sáà náà. Ẹni tó bá ti ṣẹjọ́ ìbò rí mọ ohun tó ń ná èèyàn.

January 2022 ó fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà lábẹ́ PDP, Bísí Kọ́láwọlé ló gbà á. Ní February 2023, Yẹmí Adáramọ́dù ti APC borí rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pín sí méjì nígbà yẹn, APC ló sì ń ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀. Mo rò pé ìyẹn ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Apá kejì ni pé òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ò wá sí ọjà Ọ̀múò, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìlawẹ̀ wá ṣàlàyé àbádòfin yẹn lédè Èkìtì fún àwọn tó kàn. Èmi dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Ìwé ìròyìn ní Èkó àti Àbújá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju àwọn ìyá ọlọ́jà wa lọ.

Ọlámidé_Yábàá
Ti March 2022 ńkọ́? Mo ṣì rántí àwọn obìnrin tó lọ dúró sẹ́nu géètì ilé aṣòfin.

Lọ́yà_Mọ́lẹ́tẹ́
Àtúnṣe ìwé òfin nìyẹn. Àfikún àga 111 fún obìnrin, 37 nílé aṣòfin àgbà, 74 nílé aṣojú-ṣòfin. Èyí tó ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú ya ipò sọ́tọ̀ fún obìnrin náà wà níbẹ̀. March 1 ni wọ́n dìbò, wọ́n kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ni àwọn obìnrin ya lọ sí géètì. Olújìmí wà nínú ilé yẹn, ó kù bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí sáà rẹ̀ parí, kò sì tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó fa àbádòfin tiẹ̀ sẹ́yìn láti lọ tún un ṣe.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ohun tí èmi máa ṣe rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó dara pọ̀ mọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wá bèèrè ìbò wa ní Èkìtì Gúúsù ní 2027, ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, mo máa dìde ní ìpàdé bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀: ìwé tí Olújìmí fà sẹ́yìn ní December 15, 2021, ṣé wàá gbé e padà? Bí kò bá mọ ìwé tí mò ń sọ, mo ti gba ìdáhùn mi.

Ìkejì, a ò ní láti dúró de Àbújá lórí ohun gbogbo. Èkìtì ti ṣe òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin láti 2011. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà ní Adó, kò jìnnà sí wa. Lọ́yà, ṣé ẹ lè bá wa kọ ojú ìwé kan lórí ti opó àti ilé tó ń gbé, lédè tí àwọn Àǹtí mi máa gbọ́? Mo ní àwọn obìnrin ní ọjà Ìkẹ́rẹ́ tó máa tẹ̀ka sí i.

Lọ́yà_Mọ́lẹ́tẹ́
Ẹ fún mi di ọjọ́ Sátidé. Kí Àǹtí tọ́jú agolo yẹn o, kí wọ́n má ju rìsíìtì kankan nù. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá àwọn tó bá wọn ru páànù náà, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí orúkọ ọkọ tilẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ẹlẹ́rìí tó rí i pé owó obìnrin ló rà á ṣì lè wí tẹnu rẹ̀ nílé ẹjọ́, ẹ̀yin gan-an sì jẹ́ ọ̀kan. Ní 2014 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bẹnu àtẹ́ lu àṣà ìlú kan ní Awka tí wọ́n fẹ́ fi lé opó jáde torí kò bí ọkùnrin. Ẹjọ́ yẹn wà nílẹ̀, ó ṣeé dì mú.